Ọwọ́ Tí Tírélà Ń Wò

Nígbà tí bàbá mi fẹ̀yìn tì, ilé-iṣẹ́ fẹ́ fún wọn ní aago ògiri. Gbogbo ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ṣáájú wọn ló gba aago. Bàbá mi ní àwọn ò fẹ́, pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni aago ti fi lé àwọn kiri, ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní ajá tó ń ṣọ́ ọgbà ìkẹ́rù ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí ilé-iṣẹ́ fún àwọn ní ọ̀kan nínú ọmọ rẹ̀. Bí ajá ṣe wọ ilé wa nìyẹn, nínú páálí tó yẹ kí aago wà.

Inú mi ò dùn sí i rárá. Iṣẹ́ kọ́tìnì ni mò ń ṣe, yàrá iwájú ni ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà, aṣọ funfun ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ ọmọ ajá náà, ó fẹ̀ bí ìdérí ife. Mo ní, "Bàbá, irú ajá wo nìyí?" Wọ́n ní irú èyí tó máa ń tóbi ni. Mo bi wọ́n pé títóbi báwo. Wọ́n gbójú sókè wo àjà bí ẹni tó ń ṣírò.

Ó tóbi. Kó tó pé ọdún méjì, orí rẹ̀ ti tó korobá. Tó bá sùn sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ṣe la máa ń gbẹ́sẹ̀ gíga kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni ń sọdá kòtò. Lọ́sàn-án, tí oòrùn bá gba inú aṣọ funfun wọlé, tí gbogbo yàrá dà bí inú wàrà, màá máa gbọ́ èémí rẹ̀ nílẹ̀, etí kọ́tìnì á sì máa mì sí i, díẹ̀díẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ ní Tírélà. Orúkọ yẹn mọ́ ọn lára ju èyí tí mo fún un lọ, nítorí èmi ò fún un ní kankan.

Tírélà gidi, mọ́tò gígùn tó ń kó ẹrù, ni bàbá mi fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn bá ṣiṣẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n ń wà á o. Àwọn ni wọ́n ń júwe fún àwọn tó ń wà á, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ẹ̀yìn wọ ọgbà ìkẹ́rù. Mọ́tò á gùn, àyè á há bí ọrùn ìgò. Bàbá mi á lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n á máa fà wọ́n sí àyà, wọ́n á máa pariwo pé, "Máa bọ̀, máa bọ̀, máa bọ̀!" títí ẹ̀yìn mọ́tò fi máa kan rọ́bà ara ògiri jẹ́ẹ́. Máa-Bọ̀ ni gbogbo ọgbà ń pè wọ́n. Wọn ò jẹ́ kí iná ẹ̀yìn mọ́tò kankan fọ́ rí, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka oyè ara rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe kọ́ ajá náà nìyẹn. Láràárọ̀, kí oòrùn tó yọ lórí ògiri ẹ̀yìnkùlé, àwọn méjèèjì á ti wà níta. Bàbá mi kì í nà án, wọn kì í sì í já okùn mọ́ ọn lọ́rùn. Wọ́n máa ń ní, "Ẹni tó bá wúwo, a kì í tì í. Ṣe là ń júwe fún un, kó lè rò pé òun ló wu òun láti lọ." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n fi kọ́ ọ. "Máa bọ̀" ni kó wá. "Dúró" ni kó dúró, ì báà jẹ́ pé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ wà níwájú. "Pa á" ni ohun tí wọ́n máa ń sọ fún dẹ́rẹ́bà tó bá ti gúnlẹ̀ dáadáa, pé kó pa ẹ́ńjìnnì. Tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ajá, á sùn sílẹ̀ gbalaja, àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù mi á sì dún.

Màá máa wò wọ́n lójú fèrèsé láti ìdí ẹ̀rọ mi. Gíláàsì kì í jẹ́ kí n gbọ́ ohùn. Mo kàn máa ń rí àgbàlagbà kan àti ẹranko ńlá kan tí wọ́n ń rìn síwá sẹ́yìn nínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, jẹ́jẹ́, bí ohun tí èèyàn ń lá lálàá. Ìgbà míì, ẹsẹ̀ mi á dúró lórí ẹ̀rọ, mi ò ní mọ̀. Kí n má purọ́, mo jowú. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, èmi àti bàbá mi nìkan la wà nínú ilé, "ẹ káàárọ̀" àti "ó dàárọ̀" sì ni ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù láàárín wa. Àfi ìgbà tí ajá dé ni wọ́n rántí pé àwọn ní ẹnu. Wọ́n ní ajá kì í rorò kó ṣọ́ ojúlé méjì. Tiwa ò tilẹ̀ ṣọ́ ojúlé kan. Bàbá mi nìkan ni ajá náà ń ṣọ́, tí olè bá fẹ́ kó máa gbé ẹ̀rọ mi lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni bàbá mi ń fọ ife, ife bọ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn náà sì tẹ̀ lé e lọ sílẹ̀. Dókítà ní rọpárọsẹ̀ ni. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì mú ohùn wọn lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la lò nílé ìwòsàn. Nígbà tí mo fi kẹ̀kẹ́ arọ tì wọ́n wọlé, Tírélà rìn wá pẹ̀lẹ́, ó gbé gbogbo orí rẹ̀ lé wọn nítan, ó sì wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Bàbá mi ya ẹnu láti bá a sọ̀rọ̀. "Aa" nìkan ló jáde. Ajá náà gbójú sókè, ó ń dúró de ìyókù. Wọ́n tún gbìyànjú, "aa" kan náà ni. Wọ́n pa ẹnu dé, omi sì ń jáde lójú wọn. Láti ọjọ́ náà, wọn ò bá a sọ nǹkan kan mọ́. Ọwọ́ wọn méjèèjì wà lábẹ́ aṣọ ìbora, bí ẹrù tí ẹnìkan fi pamọ́ sọ́dọ̀ wọn.

Dókítà ti kìlọ̀ fún mi pé oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ yìí ló ṣe pàtàkì. Tí wọ́n bá ń na apá náà dáadáa, ó lè padà. Tí wọn ò bá nà án, bó ṣe máa wà nìyẹn. Nítorí èyí, nọ́ọ̀sì kan ń wá sílé wa ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Ọmọbìnrin tín-ín-rín ni, ọwọ́ rẹ̀ le ju bó ṣe rí lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbá apá ọ̀tún bàbá mi mú, ó gbé e sókè, bàbá mi sì kérora. Tírélà dìde. Kò gbó, kò bu ún jẹ. Ó kàn fi ẹnu di ọrùn ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú, bí ọlọ́pàá ṣe ń di ọwọ́ olè mú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, itọ́ ń kán sílẹ̀. Mo ń fà á, nọ́ọ̀sì ń gbàdúrà. Nígbà tó wù ú ló tó fi í sílẹ̀.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá lẹ́ẹ̀kejì, mo ti Tírélà mọ́ yàrá ẹ̀yìn. Ó tú ilẹ̀kùn náà kúrò lára ògiri, ó sì gbé apá kan rẹ̀ wá fún wa ní pálọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo so ó mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ẹ̀rọ onírin tí ọkùnrin mẹ́ta gbé wọlé. Tírélà wọ́ ẹ̀rọ wá bí ẹni wọ́ bàtà.

Mo wá ro ó pé ohùn bàbá mi ni ajá yìí ń wá. Tó bá jẹ́ ohùn ni, èmi náà ní ohùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láti ikùn, bí ọkùnrin. "Dúró!" Tírélà wò mí bí ẹni ń wo rédíò. "Máa bọ̀!" Ó yíjú sí ògiri. Mo pariwo títí ìyá tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa fi yọ orí lókè ògiri.

"Ṣé kò sí o? Ta lẹ̀ ń bá jà?"

"Ajá ni, mà."

"Ẹ rọra o. Ajá tó máa sọnù ni kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èyí ò kúkú lọ síbì kankan."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀sì dé ẹnu géètì, Tírélà dúró dí ọ̀nà. Mo sáré jáde, kọ́tìnì tí mo ń rán lọ́wọ́ kún apá mi méjèèjì. Mo rántí ọ̀rọ̀ tó ń mú un sùn sílẹ̀. Mo fi gbogbo agbára kígbe, "Pa á! Pa á!" Nọ́ọ̀sì ò dúró gbọ́ àlàyé. Òdìkejì títì ló ti dá mi lóhùn.

"Àǹtí, èmi náà ní ìyá nílé! Ọjọ́ Ẹtì ni màá padà wá, torí ti bàbá. Tí ajá yìí bá tún dìde sí mi lẹ́ẹ̀kan, ẹ wá ẹlòmíì."

Kò sí ẹlòmíì, mo ti wá a. Mo pe ọkùnrin kan tó ní oko adìyẹ lẹ́yìn ìlú, ó ní òun máa wá gbé ajá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi, mo sọ fún wọn. Wọ́n ń mi orí, bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́. Inú bí mi. Mo ní, "Ẹ fẹ́ ọwọ́ yín ni, àbí ajá lẹ fẹ́?" Kí ọ̀rọ̀ náà tó tán lẹ́nu mi ni mo ti mọ̀ pé kò yẹ kí n sọ ọ́. Wọ́n yíjú sí kọ́tìnì. Wọn ò jẹun lọ́jọ́ náà, Tírélà náà ò jẹun.

Ọ̀sán ọjọ́rú, oorun gbé mi lọ lórí aṣọ. Mo lálàá pé mo wà ní ọgbà ìkẹ́rù, eruku funfun bo gbogbo ibẹ̀, àwọn tírélà ń rìn, àmọ́ wọn ò dún. Ẹnìkan ń pè mí láti òkèèrè. Mi ò gbọ́ ohùn, síbẹ̀ mo mọ̀ pé èmi ló ń pè, mo sì ń lọ. Géètì tó dún ló jí mi.

Bàbá Jẹ́jẹ́ ni. Dẹ́rẹ́bà tírélà ni wọ́n, àwọn àti bàbá mi jọ darúgbó ní ọgbà yẹn ni. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè wọ́n nítorí pé kò sẹ́ni tó rí wọn sáré rí, nínú mọ́tò tàbí nínú òjò. Wọ́n ti wọlé kí n tó dìde. Tírélà sì ti ń bọ̀ lójú wọn gan-an. Bàbá Jẹ́jẹ́ ò sá. Wọ́n na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú, gbọnrangandan.

Tírélà dúró.

Ó wo ọwọ́ ọ̀tún, ó wo ọwọ́ òsì. Lẹ́yìn náà, ó yíjú wo ẹnu ọ̀nà tí bàbá mi wà, ó sì tún wo ọwọ́ náà, bí ẹni tó rí aṣọ ará ilé rẹ̀ lọ́rùn àlejò.

"Kí lẹ sọ fún un, sà?" Ẹnu ń yà mí.

"Kí ni màá sọ? Ẹ̀rù jẹ́ kí n rí ẹnu ni? Ṣe ni mo gbé ọwọ́ sókè bí bàbá ẹ ṣe máa ń gbé e fún wa."

"Ohùn wọn mà ló mọ̀, sà. Ohùn wọn ni wọ́n fi kọ́ ọ."

Bàbá Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ohùn wo? Ta ló gbọ́ ohùn Máa-Bọ̀ rí? Ẹ́ńjìnnì ń dún, fèrèsé wà ní títì. Ogún ọdún ni mo fi ń rí ẹnu ẹ̀ tó ń mì, mi ò mọ ohun tó ń wí. Ọwọ́ ẹ̀ là ń wò nínú dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò. Ọwọ́ ọ̀tún fún dígí kan, ọwọ́ òsì fún ìkejì. Tí ọ̀kan bá ti lọ sílẹ̀, bíréèkì la máa tẹ̀, torí a ò mọ ohun tó wà lẹ́yìn mọ́. Bàbá ẹ ò lè sọ̀rọ̀ kí ọwọ́ ẹ̀ má sọ ọ́ pẹ̀lú. Ṣé o ò mọ̀ ni?"

Mo mọ̀. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, pé mo mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí ìyá mi ní kí n gbé oúnjẹ lọ fún bàbá mi níbi iṣẹ́. Mo dé ẹnu ọgbà, mo rí àwọn mọ́tò tó ga ju ilé wa lọ, tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, mo bú sẹ́kún. Bàbá mi ti sọ fún mi nílé pé, "Má wo mọ́tò o. Ọwọ́ mi ni kí o máa wò." Wọ́n dúró ní òpin ọgbà lọ́hùn-ún, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n sì ń fà wọ́n sí àyà. Mo ń wo ọwọ́ méjì yẹn, mo ń rìn láàárín táyà, títí orí mi fi kan ikùn wọn. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Èmi sunkún, mo sì ríran lọ́jọ́ náà, mo kàn wá gbàgbé ohun tí mo rí ni.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú náà ni mo bẹ̀rẹ̀. Mo dúró ní pálọ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Tírélà dúró, ó wo ẹ̀yìn mi, ó rí bàbá mi tó jókòó, aṣọ ìbora bo ọwọ́ wọn, ó sì kọjá lára mi lọ bá wọn. Mo ṣe é nígbà mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ló ṣe nígbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Èmi kọ́ ni ó ń wá nínú dígí.

Lọ́jọ́bọ̀, mo gbé àpótí sí apá ọ̀tún kẹ̀kẹ́, mo jókòó. Mo ṣí aṣọ ìbora. Mo ní, "Bàbá, ẹ gbé òsì yín sókè." Wọ́n wò mí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ọwọ́ kan kì í gbẹ́rù dórí. Ẹ mú òsì wá, èmi á mú ọ̀tún wá." Ó pẹ́ kó tó yé wọn. Nígbà tó yé wọn, ẹ̀rín wọ́ wá sí ìdajì ojú wọn, ìdajì tó ṣì ń gbọ́ràn. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì. Èmi gbé ọwọ́ ọ̀tún mi sí ibi tí ìkejì yẹ kó wà. A jọ na àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, a tẹ̀ ẹ́, bí mo ṣe máa ń rí wọn lójú fèrèsé tí ajá bá fẹ́ sùn sílẹ̀, bí ẹni ń tẹ aṣọ wọ inú àpótí.

Tírélà sùn sílẹ̀. Àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù dún. Bàbá mi sọ "aa," mo sì mọ ohun tí wọ́n sọ, torí ojú lọ̀rọ̀ wà.

Nọ́ọ̀sì dé lọ́jọ́ Ẹtì, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, báàgì wà ní àyà rẹ̀. A na ọwọ́, òsì kan, ọ̀tún kan. Ajá dúró. A tẹ ọwọ́ sílẹ̀, ó sùn. Nọ́ọ̀sì rọra wọlé bí ẹni ń rìn lórí ẹyin, ó gbá apá bàbá mi mú. Nígbà tó gbé e sókè, bàbá mi kérora, Tírélà sì gbé orí. Nọ́ọ̀sì ti gba àyè mi, mo ní láti na ọwọ́ ọ̀tún mi gba orí èjìká rẹ̀. Ọwọ́ òsì bàbá mi ti wà lókè ṣáájú tèmi. A tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ pọ̀. Tírélà wo méjèèjì, ó mí kanlẹ̀, ó sì gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Àǹtí, ẹ gbé apá yín kúrò ní etí mi, mo ti rí i." Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín.

Mo gbàgbé láti sọ fún olóko adìyẹ pé kó má wá mọ́. Ó wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tòun ti okùn. Tírélà dá a dúró sí géètì fún ìdajì wákàtí, torí pé a ṣì ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́. Olóko ní irú èyí á já òun láyà ju akátá lọ, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbé. Láràárọ̀, màá kúrò nídìí ẹ̀rọ, màá lọ jókòó sórí àpótí, àwa méjèèjì á sì máa júwe fún ajá lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ funfun kọ́tìnì. Nọ́ọ̀sì ń wá, ó ń na apá. Apá ò ṣe nǹkan kan. Oṣù kan kọjá, òmíì kọjá. Mi ò bi dókítà ní ohunkóhun mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iṣẹ́ wọ̀ mí lọ́rùn, mo gbàgbé pé ó tó àkókò oúnjẹ Tírélà. Mo gbọ́ èékánná rẹ̀ tó ń rìn lórí sìmẹ́ǹtì, kọ́, kọ́, kọ́, láti ilé ìdáná dé iwájú kẹ̀kẹ́. Mo ní lọ́kàn mi pé, ta ló pè é? Kò sí ẹnìkankan lórí àpótí. Mo yíjú.

Bàbá mi gbé ọwọ́ òsì dé èjìká. Ọwọ́ ọ̀tún ò kúrò lórí orúnkún, àmọ́ ìka rẹ̀ mẹ́rin ń ká, wọ́n ń fà sí inú, díẹ̀ báyìí, bí ewé tó ń gbẹ. Wọ́n tú. Wọ́n tún ká. Tírélà ti jókòó síwájú wọn, ó ti dé, kò sí ibòmíì tó máa lọ. Síbẹ̀ bàbá mi ń fa ọwọ́, òsì àti ọ̀tún, wọn ò sì wo ajá. Èmi ni wọ́n ń wò.

Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, mo gba ẹ̀gbẹ́ ajá kọjá, mo sì lọ bá wọn.